Oògùn Tí Mo Fi Pamọ́ Sídìí Yìnyín

Bí ẹ bá ti dúró rí lójú fèrèsé ilé oògùn, tí ẹ na ìwé dókítà sí ẹni tó wà nínú, tí onítọ̀hún wò yín lójú, tó ní, "Ó ti tán," ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi yìí. Èmi ni ẹni tó wà nínú.

Mi ò kọ ọ́ kí ẹ lè ṣàánú mi. Mo kọ ọ́ nítorí pé àbúrò mi ló yẹ kó sọ ọ́ fún yín, kò sì sí níbí mọ́.

Yàrá oògùn ní ilé ìwòsàn ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń tọ́jú àwọn oògùn tí ooru kò gbọ́dọ̀ kàn: abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé, oògùn ojú mélòó kan, àti ìnsúlíìnì tí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ń gún sára lójoojúmọ́. Inú fíríìjì funfun kan ni gbogbo wọn ń gbé. Okùn dúdú ni mo fi gbé kọ́kọ́rọ́ fíríìjì náà kọ́rùn, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn aláìsàn kò mọ orúkọ mi. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè mí.

Ọmọ ìyá kan ṣoṣo ni mo ní. Àwọn òbí wa kú kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n rẹ̀, èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ló kọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi: àga méjì, dígí gbọọrọ kan, rédíò tí kì í sinmi. Láti ìgbà tó ti wà nílé ìwé ni àtọ̀gbẹ ti dè é mọ́lẹ̀. Irú èyí tó ṣe é, láìsí ìnsúlíìnì, kò sí ẹ̀mí.

Kò jẹ́ kí ó ba òun nínú jẹ́. Bí mo bá lọ kí i, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ẹlòmíràn ń fi ẹnu jẹ ṣúgà, èmi ń fi ẹ̀jẹ̀ jẹ ẹ́. Ẹ gbé tíì yín wá, ẹ jẹ́ n fi ìka mi rò ó, ó máa dùn."

Èmi á ní, "Dákẹ́ ẹnu ẹ," ṣùgbọ́n màá ti rẹ́rìn-ín.

*

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ìnsúlíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n bí ojú. A bèèrè fún páálí tó pọ̀, wọ́n fún wa ní díẹ̀. A tún bèèrè, wọ́n ní ká máa retí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gá wa, àgbà apoògùn tó ń darí yàrá náà, pe gbogbo wa jọ.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé oògùn yìí kò sí láyé," ó wí. "Ó wà. Ìwọ̀nba ilé iṣẹ́ díẹ̀ ló ń ṣe é fún gbogbo ayé, ẹni tó bá sì lè san owó gọbọi ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Àwa tí à ń rà á ní díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn ìlà ni a wà."

Mo bi í pé, "Ṣé kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é ni, sà?"

"Wọ́n wà. Ilé iṣẹ́ kan wà lókè òkun tó ń ṣe irú rẹ̀ gan-an, kò sì gbówó lórí bẹ́ẹ̀. Àwọn aláṣẹ wa ni kò tíì buwọ́ lù ú pé kó wọlé. Ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì ẹnìkan níbì kan."

"Kí ló ń ṣe lórí tábìlì náà?"

"Ó ń sùn," ni Ọ̀gá dáhùn.

A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò kọjá eyín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi o. Lórí eléyìí, kò sí ti ilé."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé "ti ilé" fún yín. Àṣà kan ni, ẹnikẹ́ni kò fi kọ́ wa, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí oògùn kan bá fẹ́ wọ́n, olúkúlùkù wa á yọ díẹ̀ sápá kan fún àwọn èèyàn tirẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ìyá ẹnìkan á wà nínú dúrọ́ọ̀, oògùn ikọ́ fée ti ọmọ ẹlòmíràn á wà nínú àpò lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. A kì í jí i. A máa ń sanwó rẹ̀ pé. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí a ń jí: àyè ẹlòmíràn lórí ìlà ni.

Nígbà tí Ọ̀gá jáde, alábàáṣiṣẹ́ mi tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín sún mọ́ mi. Kò sí ohun tí obìnrin náà kò lè fi rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ, ṣé ojú lásán lo fi ń wo páálí yìí ni? Ọmọ ìyá rẹ ń gún un, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹun."

"O ò gbọ́ ohun tí Ọ̀gá sọ ni?"

"Ọ̀gá! Ọ̀gá ò ní àtọ̀gbẹ, ìyàwó rẹ̀ ò ní, ọmọ rẹ̀ kankan ò ní. Báwo ni ẹnu rẹ̀ ò ṣe ní mọ́? Lọ máa ṣèèyàn rere. Bí àbúrò rẹ bá dákú, a óò fún ọ ní ìwé ẹ̀rí."

Mo bú u. Mo ní ẹnu rẹ̀ kò dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọlé sí mi lára.

*

Nígbà tí páálí ìkẹyìn dé, èmi ni mo to ìgò inú rẹ̀ sínú fíríìjì. Mo yọ mẹ́fà sọ́tọ̀. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù títí dòní.

Gbogbo ẹni tó ń bá irú fíríìjì bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ló mọ̀ pé àárín ni à ń to ìnsúlíìnì sí. Lẹ́yìn pátápátá, níbi tí yìnyín ti ń lẹ̀ mọ́ irin, a kì í to nǹkan kan síbẹ̀, torí pé ìnsúlíìnì tó bá ti dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bó bá yọ́ padà, ojú lè má tètè mọ̀, àmọ́ agbára rẹ̀ ti lọ. Èmi fúnra mi ni mo máa ń kọ́ àwọn tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ojú gbogbo èèyàn ló ń dé àárín fíríìjì. Ẹ̀yìn nìkan ni ojú kì í dé.

Mo ti ìgò mẹ́fà náà sẹ́yìn, nísàlẹ̀, mo fi páálí abẹ́rẹ́ àjẹsára dí wọn lójú. Mo sọ fún ara mi pé bó bá di ọ̀la, màá wá ibi tó dára fún wọn. Nígbà tó di ọ̀la, Ọ̀gá jókòó sínú yàrá láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀túnla, àwọn alábẹ̀wò dé. Lẹ́yìn ìyẹn, mo dẹ́kun ríronú nípa rẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ó kọ́kọ́ máa ń yọni lẹ́nu, tó bá yá, á jókòó pẹ̀lú ẹni bí àlejò tó ti di onílé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyá kan wá sójú fèrèsé mi. Alágbàfọ̀ ni. Ọṣẹ ti bó ọwọ́ rẹ̀. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání nínú aṣọ ilé ìwé, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbá ike omi mọ́ àyà, tó ń mu ún láìdúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Ti ọmọ yìí ni mo wá gbà. Èyí tó kù nílé kò lè pẹ́ mọ́. Ìdajì ni mo ti ń gún fún un báyìí."

"Ó ti tán, Màmá."

"Ó ti tán báwo? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ẹ wo ẹ̀yìn."

Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀: ẹ wo ẹ̀yìn. Kò sí ohun tó mọ̀.

Mo lọ ṣí fíríìjì. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sún páálí abẹ́rẹ́ àjẹsára díẹ̀, mo rí ìgò mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níbi tí wọ́n to ara wọn sí, yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní aṣọ funfun. Mo rí yìnyín náà. Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà náà ni pé kí ìyá yìí tètè lọ. Mo ti ilẹ̀kùn pa.

"Kò sí, Màmá. Ẹ gbìyànjú ibòmíràn."

"Ibòmíràn wo? Ibòmíràn ló ní kí n wá sọ́dọ̀ yín!"

Ọmọ náà fa aṣọ ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wọ́n ṣáà ti wò ó." Ó wá yíjú sí mi, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ṣé o, mà."

Ọmọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

*

Nígbà tí ìgò tó wà lọ́wọ́ àbúrò mi fẹ́ tán, mo yọ ọ̀kan nínú mẹ́fà náà, mo fi í sínú àpò mi, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń gẹ irun oníbàárà kan lọ́wọ́, apá kan orí ti mọ́, apá kejì ṣì dà bí igbó.

Oníbàárà náà ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ti dé. Ẹ má wojú wọn gé mi létí o."

"Etí yín kọ́?" ni àbúrò mi dá a lóhùn. "Tí mo bá gé e, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi? Ìyàwó yín ní ẹ kì í lò ó."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó mú mi lọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, níbi tí ó ń kó àwọn aṣọ ìnujú sí. Mo fún un ní ìgò náà. Ó gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lèyí? Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ara ìgò yìí bí iyọ̀."

Mo gbà á, mo wò ó. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo rí i. Ìnsúlíìnì tirẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń funfun bí wàrà tí a bu omi là. Bí a bá yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́, gbogbo rẹ̀ á dọ́gba. Eléyìí kò dọ́gba. Èérún funfun wà nínú rẹ̀, àwọn mìíràn lẹ̀ mọ́ ìgò.

Ká ní ojú fèrèsé ni, ká ní aláìsàn kan ló mú un wá, ǹ bá ti gbà á sọnù. Ǹ bá ti pe Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ta ni màá pè sí ohun tí mo fi pamọ́? Ohun tí a bá jí tọ́jú kò ní ẹni tí a lè bèèrè nípa rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," mo wí. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní báyìí nìyẹn. Yí i dáadáa kó o tó fà á."

Ó wò mí. "Àwọn oníbàárà mi ń sọ pé kò sí oògùn yìí níbì kankan mọ́. Ibo ni tiwa ti wá?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ló fún mi."

"Ọ̀rẹ́ yín kan." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé kò sí ẹni tó ń sunkún nítorí ìgò yìí?"

"Gbà, kó o lọ parí orí ẹni ẹlẹ́ni."

Ó gbà á. Èmi ni mo tọ́ ọ. Kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi rí, àbí kó jẹ́ pé kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, Ọ̀gá tún pè wá jọ. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀.

"Àwa àti àwọn ilé ìwòsàn tó kù ti jọ ṣe ìpinnu kan," ó wí. "Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìnsúlíìnì, ká kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì kan ṣoṣo, ká pín in fún ẹni tó bá kàn jù, ilé ìwòsàn yòówù tó bá wà. A ó sì jọ máa rà á pa pọ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Ẹni tó ń ra páálí kan, wọn kì í dá a lóhùn. Ẹni tó ń ra ẹ̀kún ọkọ̀ kan, wọ́n á gbé fóònù rẹ̀." Ó wo gbogbo wa yíká. "Mo mọ̀ pé ti ilé wà. Mi ò bèèrè ta ni. Bó bá jẹ́ ìgò kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ mú un jáde lónìí. Kò sí ìbáwí."

Ẹlẹ́rìn-ín wò mí. Mo wo bàtà mi.

Ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá ìbá wo ìgò wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Àbúrò mi ì bá ti gba ti orí tábìlì náà bíi gbogbo èèyàn. Àǹfààní méjì ni mo ní láti gbà á là. Eléyìí ni èkejì.

"Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́?" ni Ọ̀gá wí.

"Kò sí, sà."

*

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi pè mí, ó ní òun mu omi tí inú òun fi ń mì bí ìkòkò, síbẹ̀ òùngbẹ kò lọ. Mo ní ó ti jẹ búrẹ́dì jù. Ó ní òun kò jẹ búrẹ́dì. Mo ní kó fi díẹ̀ kún ìwọ̀n tó ń gún. Ó fi kún un. Omi lásán ló ń fi kún omi lásán.

Nígbà tí mo tún rí i, ṣòkòtò rẹ̀ ti ń yọ̀ ní ìbàdí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, mo ti di ọmọge." Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Orí oníbàárà ló wà nígbà tó ṣubú, lọ́sàn-án gangan, ẹ̀rọ ìgẹrun ṣì ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù gbé e wá sí ilé ìwòsàn wa. Nígbà tí mo sáré dé ibùsùn rẹ̀, ó ń mí gùlegùle bí ẹni tó sáré òkè, èémí rẹ̀ sì ń rùn bí èso tó ti pọ̀n jù.

Dókítà obìnrin kan dúró tì í. Ọ̀dọ́ ni, kò mọ̀ mí. "Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìgbà wo ló gún ìnsúlíìnì gbẹ̀yìn?"

"Láàárọ̀ yìí. Kì í pa á jẹ."

"Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹni tí kò rí oògùn sójú rárá."

"Mo ní ó ń gún un! Èmi fúnra mi ni mo ń fún un!"

Dókítà náà dẹ́kun ìwé tó ń kọ. "Wọ́n ní kò sí ìnsúlíìnì ní gbogbo ilé ìwòsàn yìí. Níbo lẹ ti ń rí i?"

Ibùsùn kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àbúrò mi, aṣọ ìkélé tín-ínrín ló là wọ́n láàárín. Mo rí ọwọ́ kan tó fa aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ tí ọṣẹ ti bó ni. Ìyá Alágbàfọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nà gbalaja sórí ibùsùn, ojú rẹ̀ pa dé, omi ń kán sí i lápá.

"Mo bi yín o, mà," ni dókítà tún wí. "Níbo?"

Wọ́n ti ránṣẹ́ pe Ọ̀gá. Ó mú ìgò tó wà nínú àpò àbúrò mi. Ó yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́, ó gbé e sójú fèrèsé, ó tún yí i. Ojú rẹ̀ yí padà kí ẹnu rẹ̀ tó là.

"Eléyìí ti dì rí. Ó dì, ó tún yọ́. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ibo ló wà?"

"Inú fíríìjì wa ni, sà."

"Ibo nínú fíríìjì wa?"

"Lẹ́yìn. Nísàlẹ̀. Lára yìnyín."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ gbogbo wọn?" Kò jágbe. Ó na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́."

Mo bọ́ ọ lọ́rùn. Ó kọ́ mi ní irun, ó já díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín ló lọ kó márùn-ún tó kù wá. Ó gbé wọn kalẹ̀ lórí tábìlì kékeré tó wà láàárín ibùsùn méjèèjì. Yìnyín ṣì bo méjì nínú wọn. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Alágbàfọ̀ wo àwọn ìgò náà. Ó wò mí.

"Ọjọ́ tí mo ní kí ẹ wo ẹ̀yìn," ó wí, "ṣé ẹ wò ó?"

"Mo wò ó."

"Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i."

Mo ń retí kó gbá mi létí. Mo ń retí kó ṣẹ́ èpè. Ó yí padà, ó lọ ń tún aṣọ ìbora ọmọ rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé n kò sí nínú yàrá náà.

*

Ìnsúlíìnì dé ní ìrọ̀lẹ́, láti orí tábìlì àpapọ̀ tí mo kọ̀ láti fi nǹkan kan sí. Ilé ìwòsàn kan lápá kejì ìlú ló fi ọ̀kadà ránṣẹ́, nínú páálí tí wọ́n fi nǹkan tútù yí ká. Ọ̀gá pín in sí méjì ọgbọọgba, fún ọmọ náà àti fún àbúrò mi. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n má fún un nítorí mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn.

Ọmọ náà lajú kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, ó sì bèèrè omi.

Àbúrò mi náà lajú. Ó mọ̀ mí. Ahọ́n rẹ̀ wúwo.

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ," ó wí. "Mo dijú ni, mi ò sùn."

Mo ń sunkún. Mo ní, "Nítorí tìẹ ni."

"Mo mọ̀." Ó yíjú sí ibùsùn kejì. "Bí ẹ bá ti fún ọmọ yẹn nígbà tí oògùn náà ṣì dára, ó kéré tán, ì bá wúlò fún ẹnìkan."

Kò bá mi jà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ní irun iwájú orí mi ti ń funfun, pé bí òun bá dìde, òun á bá mi gé e kó bójú mu. Àwọn kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ kí oògùn tó dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ.

Oníbàárà tó ń gé irun rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ṣubú wá síbi ìsìnkú. Kò tíì jẹ́ kí ẹlòmíràn parí orí náà. Ó dé fìlà lé e.

*

Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí wọ́n gbà mí padà, wọn kò fún mi ní kọ́kọ́rọ́, mi ò sì bèèrè. Ìṣó ni wọ́n fi gbé e kọ́ ara ògiri báyìí, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń rí i. Pátákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí a ń kọ ohun tó kù sí láràárọ̀. Òfin kan sì wà: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn pé ó ti tán, àfi bó bá ṣí fíríìjì fún onítọ̀hún wò.

Àwọn kan ń tù mí nínú. Wọ́n ní kì í ṣe èmi, pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi ẹ̀mí èèyàn ná ọjà ni, pé àwọn aláṣẹ tó jẹ́ kí ìwé sùn lórí tábìlì ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn pọ̀ láàárín oògùn àti ẹni tó ń wá a, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wà níbi tí ọwọ́ mi kò lè tó láyé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn, èyí tí oògùn ti dé ẹnu rẹ̀, èmi ni mo tì í. Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ yín, bó ti wù kó kéré tó, ẹ rántí mi.

Ìyá Alágbàfọ̀ àti àwọn òbí mìíràn ń lọ sí ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nítorí ìwé tó ń sùn náà. Wọ́n á kàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọn ó fi dá wọn lóhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn. Níbẹ̀rẹ̀, ìyá náà kì í jókòó sórí àga tí mo bá wà. Ẹlẹ́rìn-ín bi mí pé ibo ni ọ̀rọ̀ dé. Mo ní ìwé náà ti jí, kò tíì dìde.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìnsúlíìnì tún wọ́n. Mo kọ òdo sára pátákó. Bí mo ṣe yíjú padà, Ìyá Alágbàfọ̀ ni mo rí lójú fèrèsé, òun àti ọmọ rẹ̀ tó ti ga sókè.

"Ẹ káàárọ̀," ó wí. Kò pè mí ní Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá." "Ó ti tán."

Mo mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, mo ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó wọlé. Mo ṣí fíríìjì, mo sì kúrò lọ́nà.

Ó wo òkè. Ó wo àárín. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú lọ títí dé ìgúnpá, nísàlẹ̀, lẹ́yìn pátápátá. Mo gbọ́ tí èékánná rẹ̀ ń họ ara yìnyín láti igun kan dé èkejì. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó ti pọ́n. Ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó dìde.

"Ó ti tán lóòótọ́," ó wí. "Ẹ pe ilé ìwòsàn apá kejì ìlú. Màá dúró tì yín."